Ọmọ oṣù 11, kílò 10: ṣé ká yí káà sìtì rẹ̀ kọjú síwájú ni, àbí kò tíì tó?

ÌyáẸni_Manchester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ kan ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé wa, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá wa dá sí i kó tó di ìjà.

Ọmọ wa ọkùnrin pé oṣù 11 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, kílò 10 ni. Màámi wà lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn, àwọn ló sì máa ń jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé ẹsẹ̀ ọmọ ti ká jọ, pé ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ẹ̀yìn ìjókòó, kò sì rí nǹkan kan wò, ìdí nìyẹn tó fi ń ké. Wọ́n ní ká yí i kọjú síwájú kó lè máa wo títì. Bàbá ọmọ ti fẹ́ gbà, torí ọ̀rẹ́ wa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún wọn pé kílò 9 ni òfin wí, pé tí ọmọ bá ti kọjá ẹ̀, ó parí. Èmi kà á níbì kan pé oṣù 15 ni. Èwo ni ká mú?

Ọ̀rọ̀ kejì: a fẹ́ lọ sí Baltimore lóṣù Kejìlá fún ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi. Ṣé káà sìtì tá à ń lò níbí náà la máa gbé lọ? Tá a bá wọ tákísí níbí ńkọ́?

Awakọ̀_Peckham

Tákísí nìkan ni màá dáhùn, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Tákísí tàbí minicab tó ní láísẹ́ńsì, bí awakọ̀ ò bá ní káà sìtì tó bá ọmọ mu, òfin ìlú ọba gbà kí ọmọ wọlé láìsí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nìkan ni yóò jókòó sí. Tó bá ti pé ọdún 3, kó de bẹ́líìtì àgbàlagbà. Tí kò bá tíì pé 3, kò ní de bẹ́líìtì rárá. Ohun tí òfin fàyè gbà nìyẹn o, kì í ṣe ohun tí ọkàn mi fẹ́. Bí oníbàárà bá gbé tiwọn wá, mo máa ń dúró dè wọ́n kí wọ́n so ó dáadáa. Nǹkan tí mi ò gbà nínú ọkọ̀ mi ni kí ìyá fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo yí ara ẹ̀ àti ọmọ orí itan ẹ̀ ká. Bí bíréèkì bá dé lójijì, ìyá yẹn ló máa fi gbogbo ara tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì.

Ẹ kíyè sí i pé tákísí ni mo ń sọ. Ará ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ fi mọ́tò ẹ̀ gbé yín relé kì í ṣe tákísí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 ò gbọdọ̀ wọ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ láìsí káà sìtì. Awakọ̀ ni wọ́n á mú, kì í ṣe ìyá ọmọ. Owó ìtanràn ẹ̀ lè tó £500.

Àǹtí_Ṣọ́ọ̀bù

Ìyá Ẹni, ọ̀rẹ́ yín ò parọ́, ẹ̀yin náà ò parọ́. Ìlànà méjì ló wà nílẹ̀ pọ̀, káà sìtì tẹ́ ẹ rà ló máa sọ èyí tó kàn yín. Ṣọ́ọ̀bù ọjà ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds, èmi ni mo máa ń bá àwọn oníbàárà so àga mọ́ ọkọ̀, ìbéèrè yìí sì ni mo ń gbọ́ jù.

Ẹ wo abẹ́ àga náà tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ máa rí lébẹ́ẹ̀lì kan, aláwọ̀ ọsàn ló sábà máa ń jẹ́, tí lẹ́tà E wà nínú róbótó lórí ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kékeré. Tẹ́ ò bá rí E yẹn, ẹ má lò ó rárá, torí àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ni òfin gbà níbí. Tí wọ́n bá kọ R44 sí i, ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń pín in. Tí wọ́n bá kọ R129 sí i, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní i-Size, gíga ọmọ ni wọ́n ń wò, ẹ sì máa rí sẹ̀ǹtímítà níbẹ̀. Ọdún 2013 ni R129 jáde, ṣùgbọ́n R44 ṣì pọ̀ nílé àwọn ènìyàn.

Ní ti R44, ọmọ gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn títí yóò fi kọjá kílò 9. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yín ti gbọ́ ọ. Ní ti R129, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yí ọmọ kọjú síwájú kó tó kọjá oṣù 15, ì báà wúwo bí ọmọ ọdún méjì. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin ti kà á.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í gbọ́ dópin nípa kílò 9 ni pé kì í ṣe àṣẹ. Ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ yí ọmọ lọ́jọ́ tó bá pé kílò 9. Kó tó tó bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò gbọdọ̀ yí i. Àga ọmọ ìkókó R44 tí wọ́n kọ 0–13 kg sí lára ṣì ń gba ọmọ náà títí dé kílò 13, ẹ̀yìn ló sì máa ń kọjú sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣeé yí síwájú rárá. Torí náà, tí tiyín bá jẹ́ àga ọlọ́wọ́ gbígbé tẹ́ ẹ fi kó ọmọ láti ọsibítù, ẹ ò lè yí i láì ra òmíràn. Orí ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe ẹsẹ̀. Nínú àga R44, nígbà tí orí bá fẹ́ yọ kọjá òkè àga ni àga náà ti kéré. Nínú R129, gíga tí wọ́n kọ sórí lébẹ́ẹ̀lì ni òpin ẹ̀.

Ẹ bá mi wo lébẹ́ẹ̀lì yẹn, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ rí níbí. Láìrí i, ìméfò lásán la máa sọ.

Nọ́ọ̀sì_Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí òfin fi wà, torí tí màmá yín bá gbọ́ ìdí, wọn ò ní gbà á bíi pé àwọn òyìnbó kàn ń dá ọmọ lóró.

Orí ọmọ ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara ẹ̀. Ẹ wo tiwa àgbàlagbà, kò sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Orí ńlá yẹn wà lórí ọrùn tí egungun ẹ̀ ò tíì gbó. Ní ọjọ́ orí oṣù 11, egungun ọrùn kọ̀ọ̀kan ṣì wà ní ègé-ègé, kèrékèré ló so wọ́n pọ̀, iṣan tó dì wọ́n mú sì rọ̀. Tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan níwájú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìjàǹbá tó burú jù ṣe máa ń ṣẹlẹ̀, ohun gbogbo nínú ọkọ̀ ló máa fẹ́ lọ síwájú. Ọmọ tó kọjú síwájú, okùn àga á di èjìká àti ìbàdí ẹ̀ mú, àmọ́ kò sí ohun tó di orí mú. Orí á fà, ọrùn á nà, okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn ọrùn ò sì lè nà bí egungun ṣe ń nà. Ọmọ tó kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn àga ló máa gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn ẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà téèyàn na àtẹ́lẹwọ́ gba ọmọ tó ń ṣubú. Agbára ìforísọ náà á tàn ká gbogbo ẹ̀yìn, kò ní ṣùjọ sí ọrùn.

Ní ti ẹsẹ̀: ẹ wo ọmọ yín tó bá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ohun ìṣeré. Ṣebí ó máa ń ká ẹsẹ̀ jọ, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́? Kò ro ó. Bí ìjàǹbá bá tiẹ̀ ṣẹ́ ẹsẹ̀, a máa ń tò ó, á sì jiná. A kì í to okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ọrùn.

Ní Sweden, nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń kọjú ọmọ sẹ́yìn dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọn kan, Bertil Aldman, ló ronú kàn án láwọn ọdún 1960, láti ara bí àwọn tó ń lọ sí òfuurufú ṣe ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn kí ẹ̀yìn lè gba agbára ìfilọ́lẹ̀. Volvo dán irú àga bẹ́ẹ̀ wò ní 1964. Nǹkan tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ ni.

MàmáÀgbà_MK

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá-ìyá ọmọ lèmi náà, mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Milton Keynes. Mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. A gbé yín lé itan nínú Peugeot 504 láti Iléṣà dé Èkó, ẹ̀yin náà lẹ dàgbà tẹ́ ẹ ń kọ̀wé yìí. Ọmọ tó bá ń ké láti ilé dé ọjà ń jìyà, àyà ìyá àgbà kì í sì í gba irú igbe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ní ká má yí i, tí ẹ ní ká má gbé e, kí la máa wá ṣe fún un?

Nọ́ọ̀sì_Ìjẹ̀bú

Màmá, ẹ kú àánú ọmọ. Òótọ́ lẹ sọ, ẹ gbé wa dàgbà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun ọmọ. Àwọn tí ọkọ̀ gbé lọ tí wọn ò dé ni ò sí níbí láti kọ ti wọn. Nílé náà lónìí, FRSC ń kìlọ̀ fún awakọ̀ kí wọ́n má fi ọmọdé jókòó níwájú.

Ọmọ tó wà lórí itan, kò sí apá tó lè dì í mú bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Kílò 10 á di ọ̀pọ̀ ìlọ́po láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó wà lẹ́yìn ìyá nínú ọ̀já burú ju ìyẹn lọ, torí ìyá ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìjókòó. Ọ̀já dáa púpọ̀ tí ìyá bá ń fẹsẹ̀ rìn. Kì í ṣe inú mọ́tò.

Ní ti igbe: ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbi tí ojú ẹ ti lè bá ojú ẹ̀ pàdé. Ìyẹn gan-an lèrè kíkọjú sẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ máa wà níwájú rẹ̀. Ẹ ki oríkì rẹ̀, ẹ kọrin fún un, ẹ fún un ní nǹkan rírọ̀ kó dì mú, má ṣe jẹ́ nǹkan líle. Tí ọ̀nà bá jìn, ẹ ní kí awakọ̀ yà, kẹ́ ẹ gbé e jáde kó nà. Kò dáa kí ọmọ kékeré pẹ́ ju wákàtí méjì lọ nínú àga láìsinmi.

BàbáÌbejì_Maryland

Ẹ káàbọ̀ sí Baltimore kẹ́ ẹ tó dé o. Ẹ má gbé káà sìtì ìlú ọba wá fún lílò nínú ọkọ̀ níbí. Àga tí òfin gbà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn tó sọ pé ó bá ìlànà ààbò ọkọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ mu. Lẹ́tà E ti yín kò ṣiṣẹ́ fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa kò bófin mu lọ́dọ̀ yín. Ẹ tiẹ̀ máa rí ìyàtọ̀ lójú: tiwa ní ìdè kan láyà tó yẹ kó wà ní ìbámu pẹ̀lú abíyá ọmọ, tiyín ò ní in. Ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó lè rà á sílẹ̀ dè yín, tàbí kẹ́ ẹ yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó gbà á.

Òfin Maryland le ju ti yín lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn, àyàfi tó bá ti ga tàbí wúwo ju ohun tí ẹni tó ṣe àga náà kọ sí i. Ọmọ yín á ti pé ọdún kan lóṣù Kejìlá, torí náà ẹ̀yìn ni yóò kọjú sí. Kò sí ẹni tó máa bi yín léèrè oṣù 15 níbí.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin tiẹ̀. New Jersey bẹ̀rẹ̀ ní 2015, California ní 2017, New York ní oṣù Kọkànlá 2019. Ti California ní àyè kan: bí ọmọ bá ti tó pọ́ùn 40 tàbí ínṣì 40, ó lè kọjú síwájú kó tó pé ọdún 2. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ẹ mú èyí tó le jù lọ́nà, ẹ ó bọ́.

ỌmọÈkìtì_Houston

Ẹ̀yin ara Maryland, ìjọba yín fẹ́ràn wàhálà. Texas ni mò ń gbé. Òfin tiwa ò dárúkọ kíkọjú sẹ́yìn rárá. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 wà nínú káà sìtì, àyàfi tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínṣì 9 lọ, ìyẹn nìkan. Ọmọ mi pé ọdún kan, mo yí i síwájú, inú ẹ̀ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Òfin ò mú mi.

BàbáÌbejì_Maryland

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka òfin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Texas ní kẹ́ ẹ so ọmọ mọ́ àga *gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹni tó ṣe àga náà*. Ẹ ṣí ìwé tó bá àga yín wá. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 2 kó tó lè kọjú síwájú. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín, òfin ti mú yín.

Ẹ fi òfin sílẹ̀ ná. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ yìí, American Academy of Pediatrics, sọ ní 2011 pé kí ọmọ kọjú sẹ́yìn títí di ọdún 2. Ní 2018, wọ́n yọ ọdún kúrò: wọ́n ní kó kọjú sẹ́yìn títí yóò fi dé ibi tí àga náà kò lè gbà á mọ́. Ọrùn ọmọ Houston àti ti ọmọ Baltimore ò yàtọ̀ síra.

ỌmọÈkìtì_Houston

Màá wo ìwé náà lálẹ́ yìí. Inú mi ò dùn sí bí ẹ ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

ÌyàwóPásítọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mò ń wakọ̀, ṣé mo lè gbé àga ọmọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n lè máa rí i? Ìlú ọba náà ni mo wà.

Àǹtí_Ṣọ́ọ̀bù

Àyàfi tẹ́ ẹ bá ti pa airbag iwájú níbẹ̀, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú jáde nígbà ìjàǹbá. Òfin ni, kì í ṣe àbá. Airbag ń jáde pẹ̀lú agbára tó pọ̀, ẹ̀yìn àga ọmọ tó kọjú sẹ́yìn ló sì máa gbá, níbi tí orí ọmọ wà gan-an. Ọkọ̀ míì ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń pa á ní ẹ̀gbẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, òmíràn ò ní. Tí tiyín ò bá ní, ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yìn ló dáa jù lọ́nà gbogbo.

Kí n tó gbàgbé, torí òtútù ti ń bọ̀: ẹ má ṣe de okùn lé orí kóòtù tó wú. Ẹ wọ kóòtù náà fún ọmọ, ẹ dè é, lẹ́yìn náà ẹ bọ́ kóòtù láì tú ìwọ̀n okùn, ẹ tún dè é. Ẹ máa rí bí okùn náà ṣe tú rẹrẹ. Àyè yẹn ni ọmọ máa gbà fò jáde lọ́jọ́ ìjàǹbá. Ẹ dè é lórí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lórí okùn. Ẹ fi ìka méjì fún okùn léjìká. Tí ẹ bá lè ká a mú láàárín ìka, kò tíì le tó. Ìró tàbí táwẹ́ẹ̀lì tá a máa ń ká sí abẹ́ ìdí tàbí ẹ̀yìn orí ọmọ náà, ẹ yọ ọ́. Ohun tí kò bá àga náà wá látinú páálí ẹ̀, kì í ṣe ara ẹ̀.

ÌyáẸni_Manchester

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti wo lébẹ́ẹ̀lì náà: R129 ni, 40–87 cm, ọmọ náà sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 75. Ọkọ mi fúnra wọn ló kà á sókè fún màámi. Torí náà kò sí yíyí, àga náà gan-an ò tiẹ̀ ṣeé yí. Mo ka ọ̀rọ̀ ọrùn àti kèrékèré fún màámi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn láti ọjọ́ yìí. Àbúrò ọkọ mi ti gbà láti ra àga sílẹ̀ ní Baltimore.

Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀rẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ní àga R44 kan nílé tí ọmọ ẹ̀ ti dàgbà kúrò nínú ẹ̀, ó fẹ́ fún wa fún ìgbà tí èyí bá kéré. Ṣé ká gbà á?

Àǹtí_Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ bi í léèrè méjì: ṣé àga náà ti wà nínú ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá rí, ṣé ìwé ìlànà rẹ̀ sì wà? Ìjàǹbá lè fọ́ ike inú ẹ̀ níbi tí ojú ò lè rí. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é pẹ̀lú, torí ike ń gbó, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń sọ iye ọdún tó yẹ kéèyàn lò ó dà. Bí ẹ bá mọ ìtàn àga náà látìgbà tí ọ̀rẹ́ yín ti rà á, ó ṣeé gbà. Bó bá jẹ́ pé òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.

Tí owó bá wà, ohun tí màá gbà yín nímọ̀ràn ni àga R129 tó lè kọjú sẹ́yìn títí dé 105 cm. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ga tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìkọ́kọ́ gbé ọkọ̀ yín wá sí ṣọ́ọ̀bù kan tó sún mọ́ yín, kí wọ́n so ó mọ́ ọn níṣojú yín. Kì í ṣe gbogbo àga ló bá gbogbo ìjókòó mu, àwọn ọkọ̀ míì sì wà tí Isofix, ìyẹn irin inú ìjókòó tí wọ́n ń fi àga ọmọ kọ́, ò sí níbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí. Ẹ mú màmá dání wá. Àwọn ló máa ń jókòó tì í, ó yẹ kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dè é.